Géèmù Oníkásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Kúrò Nílé

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Eruku bo gbogbo Bódìjà, oòrùn yọ bí àwo irin tí wọn kò fọ̀, ètè mi sì gbẹ débi pé mo ní láti fi òrí pa á kí n tó lè dáhùn ìkíni. Mo jókòó sí pálọ̀ ọmọ mi obìnrin, ẹni tí mo ń bá gbé nígbà náà, mo ń wo páálí kan tí ọkọ rẹ̀ gbé sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ géèmù wa ló wà nínú rẹ̀. Kò ku púpọ̀ kí a wọ ọdún ẹgbàá, àna mi sì ti ra géèmù tuntun, èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí. Ó ní tó bá di ọ̀sán, òun yóò gbé ti àtijọ́, tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, lọ ta ọ̀rẹ́ òun lọ́rẹ ní Agbowó. Bẹ́ẹ̀, géèmù àtijọ́ yìí ni èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin máa ń ta tó bá ti iléèwé dé. Òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ta. Bó bá jáde nílé, èmi di ẹni tó ń wòran lẹ́yìn àga nìyẹn.

"Màmá, ẹ máa mọ ti tuntun náà," àna mi wí. "Bí ènìyàn gidi ni wọ́n rí nínú ẹ̀."

Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Àwo yẹn á máa yí, a ó máa dúró. Òyìnbó kan á máa sọ̀rọ̀, a ó tún máa dúró. Nígbà tí eré yóò fi bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnì ti pọ̀ jù fún ìka mi, òòyì sì ti ń kọ́ mi. Ti àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì, fùú, tì í wọlé, eré dé. Búlọ́ọ̀kù ń já bọ̀ látòkè, ìwọ ń tò ó kó má ní àlàfo. Ìlà tó bá kún yóò parẹ́, ẹrù rẹ̀ yóò sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ta á. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga kan òrùlé, ó tán fún un. Ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, èmi arúgbó ò sì tíì rí ìparí rẹ̀.

Mo ní, "Àna mi, wá ká ta á. Bí o bá pa mí láyò, gbé e lọ. Bí mo bá pa ọ́, kò kúrò nílé yìí mọ́."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín ní kíṣìnì, ó ké sí ọkọ rẹ̀. "Dádì, ẹ ti wọ gàù o!"

A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo wà lórí àga. Àna mi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, torí kì í bá mi jókòó dọ́gba. Kò pẹ́ tí tirẹ̀ fi kan òrùlé. Ọmọ-ọmọ mi fò sókè, "Gránmà ti jẹ ẹ́!"

Ṣùgbọ́n mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù gígùn kan tó rí bí òpó já bọ́, ihò tó bá a mu là gbayawu níwájú rẹ̀, ó wá gbé òpó náà dábùú sórí ihò. Àṣìṣe kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í na ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú ìyàwó àti ọmọ, kódà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Mo gbé páàdì tí mo fi ń ta á sílẹ̀. "Èyí ò kà."

"Màmá, ẹ ti nà mí, mà."

"O ti dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀, ó tó. Má dọ̀bálẹ̀ nínú géèmù. Bó bá jẹ́ àánú lo fi fi í sílé, wàá tún wá gbé e lọ́la."

Ọmọ mi yọjú tòun ti ṣíbí. "Dádì, ẹ ta á dáadáa jàre. Ẹ má fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Àna mi rẹ́rìn-ín, ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀.

Hẹn, ó mọ̀ ọ́n ta! Ìlà tirẹ̀ ń parẹ́ léraléra, ẹrù ń wó lé mi. Tèmi kọjá ìdajì, ọmọ-ọmọ mi fọwọ́ bojú. Mi ò kánjú. Mo fi ihò kan sílẹ̀ létí ògiri, mo ń to ìyókù, mo ń dúró de òpó.

"Ọ̀pè, ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n," mo wí fún un.

"Ẹ ṣì máa rí i, mà!" Ó ń sáré, òógùn bo imú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Eré àsápajúdé yẹn ló mú kó gbé búlọ́ọ̀kù kan gba ibi tí kò yẹ. Ó ké "Yéè!" Kò sí ẹ̀tàn nínú igbe yẹn. Àfi bí òpó mi ṣe já bọ́. Mo rọ́ ọ sínú ihò, ìlà mẹ́rin parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹrù wọn sì wó lé àna mi lórí. Tirẹ̀ ga, ó ga, ó kan òrùlé.

Mo dìde, mo jó, èmi tí orúnkún ń dùn. Ọmọ mi ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Àna mi fa páálí náà ya, ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ nà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ta." Àwo rẹ̀ tó ń dán wà lórí tábìlì, kò wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wá àjákù ankárá nínú àpótí mi, mo fọwọ́ rán aṣọ tí a ó máa fi bo ẹ̀rọ náà nítorí eruku. Àjákù náà ṣẹ́kù, mo bá rán ti géèmù tuntun náà sí i.