Ẹja Bàbá Mi Hu Ẹsẹ̀

Ọdún tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná kógbá sílé, bàbá mi náà kógbá sílé. Á jí, á jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo títì Trikania títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí a bá kí i, "hùn" ni á fi dáhùn. Ọkùnrin tí ó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín! Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìgbà tí òjò dé ni ó ṣàdéédé dìde. Ó rí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbẹ́ sílẹ̀, ó kó wọn wálé, ó dà wọ́n sínú táńkì síméńtì tí ìyá mi fi ń gba omi òjò. "Ọmọ ẹja àrọ̀ nìyí!" Nínú ọbẹ̀ nìkan ni a ti mọ ẹja nílé wa, ta ni yóò bá a jiyàn? Ìyá mi kùn nítorí omi rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ọkọ rẹ̀ tí ń fọ́n gàrí sómi láàárọ̀, tí ó ń súfèé, ó panu mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mò ń kọ́. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, mo yọjú wo táńkì. Kai! Ẹja ti hu ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Má sọ fún un o, mo bẹ̀ ọ́. Bó bá mọ̀, orí àga yẹn ló ń padà sí."

Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kì í báni pa àṣírí mọ́. Láìpẹ́, ẹsẹ̀ iwájú yọ, bàbá mi sì pariwo pè mí. Ó gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni, sà."

Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń jábọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ara rẹ̀ ló ń fà á padà. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń yí padà, kò lè jẹun, ìrù yẹn ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ìfun gígùn tó fi ń jẹ ewéko ti ń kúrú, torí kòkòrò ni yóò máa jẹ. Ohun tó fi ń mí lómi bí ẹja ti ń parẹ́, ẹ̀dọ̀fóóró ló kù tí yóò máa lò."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Kò sì kú?"

"Kò kú, sà."

"Háà! Ọlọ́run tóbi!"

Mo ti kà á nínú ìwé, mo tilẹ̀ ti yà á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fun kékeré yẹn ṣe ń sọ kúlú lórí ọwọ́ bàbá mi, mo fẹ́ràn ẹ̀dá náà débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún bàbá mi pé bí wọn ò bá ríbi gùn jáde, omi á pa wọ́n báyìí. Ó sáré lọ gbé pákó, ó gbé e ti etí táńkì láti inú omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gùn ún lọ.

Nígbà tí táńkì ṣófo tán, èmi àti ìyá mi ò lè wo àga náà. A jí lọ́jọ́ kejì, a gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìnkùlé. Bàbá mi ti bọ́ sínú táńkì, ó ń fọ̀ ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, lọ wọṣọ, a ń lọ ra ọmọ ẹja. Èyí tí kò bá ní irùngbọ̀n bí àrọ̀ lónìí, n ò ní rà á o!"