Ìyá Kì í Pẹ́ Nínú Ìwé Yẹn

Ohun tó kọ́kọ́ mú ara fu mí ni pé ọmọ mi dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ọ̀rọ̀ sísọ. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà, ó ti ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé fún mi, ìdajì ní Yorùbá, ìdajì ní Faransé, èmi á sì máa fi èyí tó yé mi wá ìtumọ̀ sí èyí tí kò yé mi. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí igun yàrá, ìwé lórí itan. Tí mo bá bi í pé ilé-ìwé ńkọ́, á ní, "Dáadáa ni, Papa." Kò ní gbójú sókè.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí ọjà Adjamé Roxy. Láti Ẹ̀jìgbò ni mo ti wá sí Abidjan, ó ti lé ní ọdún méjìlá báyìí. Faransé ọjà ni Faransé tèmi: èló ni, ó ti bàjẹ́, ẹ padà wá lọ́la. N kò lè kà á. Èmi àti ọmọ náà nìkan la wà nílé, nítorí ìyá rẹ̀ ti padà sí Ẹ̀jìgbò láti bí oṣù méje. Mo ti sọ fún ọmọ pé ìyá àgbà ló ń ṣàìsàn, pé ìyá rẹ̀ lọ tọ́jú rẹ̀.

Ọwọ́ màmá àgbàlagbà kan nínú ọgbà wa ni ìwé náà ti wá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó, òun náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ó gbọ́ Yorùbá, Yorùbá Àjàṣẹ́ tó máa ń fà díẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń kọrin. Tanti ni gbogbo ọgbà ń pè é. Ìwé méje ni, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló kà wọ́n nígbà èwe wọn, ẹ̀yìn àwọn ìwé náà ti já, ó sì fi aṣọ lẹ̀ wọ́n. Ó ń yá ọmọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ní kí ọmọ kà á fún mi ní Yorùbá. Ó kà á. Ọmọ mẹ́ta kan ló wà níbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Lójú ewé àkọ́kọ́, bàbá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ìyá wọn rìnrìn-àjò, wọ́n sì kó àwọn ọmọ fún ìbátan kan tó ti darúgbó, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò pẹ́, àwọn ọmọ rí ihò kan lára ògiri lẹ́yìn àpótí. Wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n bọ́ sí ilẹ̀ mìíràn tí ẹranko ti ń fọhùn, wọ́n bá ọba burúkú kan jà. Ọdún méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, omi tíì tí arúgbó náà gbé kaná kò tíì hó.

"Ọdún méjì," mo ní, "omi ò tíì hó?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Papa. Àkókò ilé máa ń dúró dè wọ́n."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Wọn ò sọ."

Ìwé kejì, ìyá wà nílé ìwòsàn. Gbólóhùn kan, ó tán. Ìwé kẹta, àwọn òbí wà níbì kan tó jìnnà. Ìwé kẹrin kò tilẹ̀ sọ ibi tí wọ́n wà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n: tí ìyá bá yọjú lójú ewé kìíní, kò ní dé ojú ewé kẹta.

Ohun mìíràn tún wà tó dà mí láàmú jùyẹn lọ. Ìtàn á máa lọ geere, ẹnì kan á sì ṣàdédé dá sí i. Á ní, ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, ṣé o ti dá wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn rí? Tàbí kó ní, mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ fún ọ nísinsìnyí.

Mo dá ọmọ dúró. "Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń sọ ìtàn ni."

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní èdè tí n kò lè kà, ó sì ń fi àṣírí dẹ ọmọ náà lọ síwájú. Tó bá jẹ́ pé lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ni ọkùnrin kan dúró sí tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ṣé a ò ní bi í léèrè ilé baba rẹ̀?

Láti ìwé karùn-ún, ọmọ ò kà á fún mi mọ́. Ó ní òun fẹ́ yára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ ní ọjà, mo tètè dé ilé, mo bá a tó ti fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, tó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Kí lò ń wá?"

"Mo ń gbálẹ̀ ni."

Kò sí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tó lọ wẹ̀, mo tú báàgì ìwé rẹ̀. Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kì í ṣe ti kíláàsì. Ó ti kọ ọ́ dé ìdajì, lẹ́tà wíwẹ́ wíwẹ́. N kò lè kà á, ṣùgbọ́n ojú mi mọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Mo rí "Papa". Mo rí "Maman", ó pọ̀ lọ jàra. Mo rí "Nigeria". Lójú ewé kan, mo rí "drap", ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn lára ọkọ̀ gbaka àti lára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ Abidjan ló ń lò ó: tí wọ́n bá ti ní drap wà, wàhálà ti dé nìyẹn.

Gbogbo rẹ̀ so pọ̀ lójú mi. Ọmọ yìí fẹ́ sá lọ bá ìyá rẹ̀. Ní Adjamé ni àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Nàìjíríà ti ń gbéra, ojoojúmọ́ ni a sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwé ló kọ́ ọ, màmá yẹn ló sì fún un ní ìwé. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ náà, ó di ọ̀dọ̀ Tanti.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Jókòó."

N kò jókòó. "Màmá, kí ni ìwé yín ń kọ́ ọmọ mi?"

Ó ń yọ ìdọ̀tí nínú ìrẹsì, kò dáwọ́ dúró. "Ìwọ rò pé kí ló ń kọ́ ọ?"

"Pé kó fi ilé sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kì í jẹ́ kí ìyá wà nílé. Ojú ewé kan, méjì, ó ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Ìyá tìrẹ kò pàlọ́ fún ọ rí ni?"

"Ó pa á."

"Ìyá ọmọ inú àlọ́ náà, ṣé ó máa ń pẹ́?"

Mo rántí ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́: ọkùnrin kan wà, ó fẹ́ ìyàwó méjì, ìyálé bí ọmọbìnrin kan, ìyálé kú. Ìyá mi kì í dúró mí láàrin gbólóhùn yẹn. Ọmọ náà á bọ́ sọ́wọ́ orogún ìyá rẹ̀, wọ́n á rán an lọ sí odò tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. N kò bèèrè rí pé kí ló pa obìnrin yẹn.

Tanti ní, "Tí ìyá bá wà nílé, ta ló máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ bá iwin jà? Á ní, wá jẹun. Ìtàn ti parí nìyẹn. Ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn," mo ní. "Ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sọ fún ọmọ pé òun ló tì í." Mo na ìwé àkọsílẹ̀ náà sí i. "Ẹ kà á fún mi."

Ó ṣí i, ó rí irú ìwé tó jẹ́, ó sì pa á dé wéré. "N kò ní kà á. Ọmọ ló kọ ọ́, ọmọ ló máa kà á fún ọ. Ṣé ó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìfura ò lọ. Bí mo ṣe ń padà, mò ń sọ lọ́kàn pé ó kọ̀ láti kà á nítorí pé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ti wẹ̀ tán. Ó dúró láàrin yàrá pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sunkún.

"Ẹ ti kà á?"

"O mọ̀ pé n kò lè kà á."

"Tanti ńkọ́?"

"Ó ní òun ò ní kà á."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀. Mò ń retí ọkọ̀, mò ń retí ọ̀nà. Ilé ni mo gbọ́. Lónìí Papa se ìrẹsì, ó jó. Lónìí obìnrin kan tí Papa tún fíríìjì rẹ̀ ṣe fún wa ní àtíyéké àti ẹja. Lónìí omi ò yọ, a lọ pọn ní ọgbà kejì. Eyín mi ọ̀tún bọ́. Papa fi bébà wé e pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ.

"Kí lo ń kọ gbogbo èyí fún?"

"Fún Maman. Nínú ìwé, àwọn tó lọ nìkan ni wọ́n ń ròyìn. Wọn kì í sọ ohun tí àwọn ará ilé ń ṣe, wọ́n á ní àkókò dúró dè wọ́n. Kì í dúró, Papa. Mo ti wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà, ògiri lásán ni."

Ọkàn mi rọ̀. Ǹ bá jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún bi í pé ojú ewé tí drap wà ńkọ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní kó kà á.

"Wàhálà wà. Papa ń parọ́ fún mi."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìwé kẹfà ló tú àṣírí. Ìyá wọn ò sí nílé ìwòsàn rárá nínú ìwé kejì, irọ́ ni wọ́n pa fún wọn. Mo padà lọ wo ibẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Tí ẹni tó ń sọ ìtàn bá ti sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ ìyá, ó ń fi nǹkan pa mọ́ ni." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ìyá àgbà ń ṣàìsàn, ó lọ tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn náà lẹ máa ń sọ. Ìyá àgbà sì bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó ní oko lòun ti ń bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un, mo sì wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé. Ìyá rẹ̀ ní àǹtí kan tó ń ta obì ní Anyama, ìlú kan lẹ́bàá Abidjan. Ó fẹ́ máa bá a tà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ara fu mí. Mo tú báàgì rẹ̀, mo yẹ fóònù rẹ̀ wò. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo wọ gbaka tẹ̀ lé e, mo lúgọ sẹ́yìn àwọn àpò obì, mò ń wo obìnrin méjì tó ń ṣa obì. Ìyàwó mi ló rí mi. Kò pariwo. Ó ní òun ò lè gbé ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ òun bí olè. Ó ní nítorí ilé-ìwé nìkan lòun ṣe fi ọmọ sílẹ̀, pé tí ìsinmi gígùn bá dé, òun á wá mú un.

"Ẹ rí nǹkan kan níbẹ̀?" ọmọ bi mí.

"Obì ni mo rí."

"Ẹ ti bẹ̀ ẹ́?"

"N kò tíì bẹ̀ ẹ́."

Ó gbé fóònù fún mi.

Mo pe ìyàwó mi, ó gbé e. "Ọmọ ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Mo ti sọ fún un."

"Ẹ sọ kí ni fún un?"

"Pé mo tẹ̀ lé ọ lọ sí Anyama. Pé n kò rí nǹkan kan. Má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó ní, "Ẹ gbé e fún ọmọ mi."

Ọmọ ka ìwé àkọsílẹ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi jáde síta, mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó kan ìrẹsì tó jó, mo gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi nínú fóònù, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tó ti lọ.

Ó dé nígbà ìsinmi gígùn, kò sì mú ọmọ lọ sí Ẹ̀jìgbò. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Anyama ló dé sí, ó ń ta obì. Ọmọ máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ Friday di Sunday, mo máa ń mú un dé ibi tí yóò ti wọ gbaka, ìyá rẹ̀ á gbà á lọ́hùn-ún. Ní Sunday, èmi náà máa ń lọ jẹun níbẹ̀, nítorí pé wọ́n pè mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíkà Faransé lọ́dọ̀ Tanti. Ó ní bí ọlọ́pàá ni mo ṣe ń ka ìwé, pé gbogbo gbólóhùn ni mò ń bi léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi ìyàwó mi bóyá yóò padà sílé. Ó ní òun ò tíì mọ̀, pé òun ń wò mí. Mo ní kò burú, kó máa wò mí.