Ẹ̀rí Tí Ọlábímpé Jẹ́ Ṣáájú

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way, ní London, ni Ọlábímpé ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Béèyàn bá bi dátábéèsì wọn, ìyẹn àkójọ ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà, ní ìbéèrè kan péré, gbogbo inú rẹ̀ ni yóò tú kó tó dáhùn. Ìyẹn ń bí Ọlábímpé nínú. Ó jókòó tì í fún ọdún mẹ́ta, títí ó fi rí ọ̀nà tí dátábéèsì yóò fi mọ ibi tí ìdáhùn wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó gba pátẹ́ǹtì lé e lórí, ìyẹn ìwé ìjọba tó sọ pé Ọlábímpé ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má lò ó láìgbàṣẹ.

Ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá ń lò ó láìtijú. Nígbà tó pè wọ́n lẹ́jọ́, fídíò ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún pátẹ́ǹtì ni Uncle Gbénró, alàgbà ìjọ aládùúrà wọn ní Thamesmead, sọ fún un pé kó jẹ́rìí ṣáájú, kí Sátánì má baà jí ìbùkún náà gbé. Sátánì wo ló mọ dátábéèsì? Ó jẹ́rìí níwájú ìjọ, ó sì la bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yéké. Uncle Gbénró dúró tì í, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé fídíò gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Òfin ní ohun téèyàn bá ti tú síta kó tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò lè gba pátẹ́ǹtì lé e lórí mọ́. Adájọ́ wọ́gi lé tirẹ̀. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà yé nínú ìjọ, “Halelúyà” lásán ni wọ́n ń ké. Àwọn adájọ́ ní ìyẹn ò kan àwọn, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á lóye Gẹ̀ẹ́sì Uncle Gbénró dáadáa. Bó ṣe pàdánù nìyẹn.

Ọlábímpé dúró de bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Beresford Square. Uncle Gbénró tó sìn ín lọ sí kóòtù gbọ́wọ́ lé e léjìká.

“Bímpé, don't worry. God á fún ẹ ní another one. Sunday yìí, jáde wá, kó o claim ẹ̀ níwájú church.”

Ọlábímpé yọ ọwọ́ náà kúrò.

“Mo ti ní another one, Uncle,” ó ní. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbọ́ ọ.”