Aṣọ Tí Télọ̀ Rán fún Sìgá Oníbátìrì

Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ojú Lalákàn, nítorí kò sí ohun tí kì í ṣọ́. Okùn ni ó fi so àlùmọ́gàjí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí o bá kí i pé ó kú iṣẹ́, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ kí ó tó dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń rán bọ́tìnnì, tí ó sì ń tú ibi tí ọkọ rẹ̀ bá ti rán ìránkúràn.

Láti ìgbà èwe ni Ojú Lalákàn ti ń mu sìgá. Nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbé e lọ, ìyàwó rẹ̀ kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì, ó ní ọjọ́ tí òun kò bá gbóòórùn sìgá mọ́ ni òun yóò padà. Ọkùnrin náà bá ra sìgá oníbátìrì, èyí tí ń mú omi olóòórùn dídùn gbóná títí yóò fi di èéfín. Ìyàwó kó ẹní padà. Síbẹ̀, páálí sìgá kan ṣì wà nínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ, lábẹ́ àwọn sípù. Ta ló mọ̀la?

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ohun èlò náà tí a fi ń gbé fólítì, ìyẹn agbára iná, sókè tàbí sílẹ̀. Fólítì mẹ́rin àti díẹ̀ ni ó bá a lára mu. Kí ẹnikẹ́ni má baà yí i, ó rán awọ fún un bí ẹni rán ṣòkòtò fún ọmọ, ó sì bo bọ́tìnnì náà pa.

Nígbà tí kọ́ìlì, wáyà kíká tí ó yí òwú ká nínú rẹ̀ tí ń mú omi náà gbóná, gbó, ó lọ ra tuntun lọ́wọ́ onísìgá tí ó ta ohun èlò náà fún un.

“Bàbá télọ̀,” ni onísìgá wí, “óòmù méjì ni ti tẹ́lẹ̀, ó ti tán lọ́jà. Èyí ò ju óòmù kan lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá iná dúró, á gbóná jù. Ẹ bá mi dín fólítì kù.”

Ojú Lalákàn mi orí. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, “Ó fẹ́ kí èéfín rẹ̀ má tó nǹkan, kí n lè tètè padà wá ra òmíràn.” Kò dín nǹkan kan kù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èéfín náà ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Ó gbóòórùn ìgò omi rẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ta ló kórìíra èéfín nínú ilé yìí? Ó fi òwú so ọrùn ìgò náà, ó ta kókó tí òun nìkan mọ̀ ọ́n ta. Lọ́jọ́ kejì, òwú wà bó ṣe wà, èéfín ṣì ń rùn.

“Ó ti kọ́ bí mo ṣe ń ta kókó,” ni ó wí.

Ó bá fa páálí sìgá yọ. Ìyàwó rí i.

“Bàbá wọn, kí nìyẹn?”

“Bi ara rẹ. Kí lo rọ sínú omi mi?”

Obìnrin náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Tí mo bá fẹ́ rọ nǹkan fún yín, ṣé oúnjẹ ò tó mi í rọ ọ́ sí ni?”

Ojú Lalákàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa oúnjẹ àná.

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá onísìgá,” ni ìyàwó wí. “Tó bá jẹ́ pé èmi ni, ẹ mu páálí yẹn tán lójú mi, màá kó ẹní mi.”

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, onísìgá yọ kọ́ìlì náà. Òwú àárín rẹ̀ ti dúdú.

“Fólítì mélòó lẹ fi sí?”

“Ti tẹ́lẹ̀.”

“Ṣebí mo sọ fún yín.”

“Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́?”

Onísìgá rẹ́rìn-ín. “Tí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi lọ jíńsì lé ṣífọ́ọ̀nù, ta lẹ máa mú?” Ó wá bọ́tìnnì tì. “Ta ló rán nǹkan yìí?”

Ìyàwó gba bíléèdì, ó tú awọ náà láìha ohunkóhun. Onísìgá fi kọ́ìlì mìíràn sí i, ó dín fólítì kù sí mẹ́ta àti díẹ̀, ó sì jẹ́ kí òwú rẹ̀ mu omi dáadáa. Ojú Lalákàn fà á. Ó dùn.

“Ìyá wọn, má bínú.”

“Mo ti gbọ́.” Ó na ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ náà pẹ́ kí ó tó fi páálí sìgá sí i. Ìyàwó fún un rún, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí níta.

Ojú Lalákàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú garawa.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Mo ń dúró dè yín.”