Bí Idella Ṣe Múra Àtilọ sí Larch Fork

Ìbaaka ni àwọn ọdẹ kọ́kọ́ rí. Ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Lyle Brekke ní ibùdó ẹlẹ́ṣin Larch Fork, gàárì ẹrù ti yí sí abẹ́ ikùn rẹ̀, okùn ọrùn rẹ̀ sì ti já. Lyle kò sí níbẹ̀, ẹṣin tó gùn kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n pè é títí, òkè nìkan ló ń dá wọn lóhùn.

Kò sí ẹni tí kò mọ Lyle ní àfonífojì wa. Lọ́dọọdún, bí ewé bá ti ń pọ́n lórí igi, yóò gun ẹṣin, yóò di ẹrù lé ìbaaka, yóò sì gba orí òkè lọ láti ṣọdẹ àgbọ̀nrín ńlá. Ó mọ òkè náà bí ẹni mọ yàrá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí jìnnìjìnnì fi bá gbogbo wa. Wọ́n fi ajá wá a, wọ́n fi hẹlikọ́pítà wá a, àwa ará ìlú náà sì wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n yìnyín tètè já lọ́dún náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ọlọ́pàá wá sílé Idella, ìyàwó Lyle. Ó ṣí fìlà, ó ní àwọn dáwọ́ dúró ná, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́.

Oúnjẹ ni Idella ń sè fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù láyé ni ẹṣin. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹṣin kan wọ́ ọ gba inú pápá kọjá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú irin gàárì, láti ìgbà náà ni kò ti gun òmíràn mọ́. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ wà, Lyle máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lọ sí Larch Fork lẹ́ẹ̀kan péré. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: òun ò lè lọ sùn níbi tí èèyàn àti béárì ti jọ ń pín ṣáláńgá. Wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Nígbà òtútù yẹn, ẹ̀rín kúrò nílé náà. Èyí tó wá burú jù ni ẹnu ayé. Àwọn ọkùnrin tó máa ń jókòó mu kọfí láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé Lyle ní obìnrin kan ní òdìkejì ààlà, ní Kanada, pé ẹṣin ló gùn lọ bá a. Ọ̀kan nínú wọn pàdé Idella ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì bi í léèrè pé báwo ni ẹni tó dàgbà sórí ẹṣin ṣe lè sọnù. Idella fi gbogbo ọjà tó ti kó jọ sílẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba owó, ó jáde lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Bí ti ọkọ náà ṣe rí nìyẹn. Idella ò lè sin ín, kò lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kò sì lè máa retí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù dé yẹn, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ òkè náà sórí tábìlì ìdáná, ó sì pinnu pé bí ọ̀nà bá ti là, òun ni yóò lọ dó sí Larch Fork fúnra òun, tí òun yóò sì máa wá ọkọ òun títí wọn yóò fi lé òun kúrò níbẹ̀.

Ó pe ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú igbó lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan ló gbé e.

"Mà, mo fẹ́ kó yé yín dáadáa," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí iná, fóònù ò sì ṣiṣẹ́. Ààyè mẹ́rin péré ló wà, a kì í bá èèyàn fi ààyè pamọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín."

"Ṣáláńgá ńkọ́?"

"Ṣáláńgá wà."

"Béárì ńkọ́?"

"Béárì náà wà, mà."

Ó wá ṣàlàyé ìyókù. Wọn kì í so ẹṣin mọ́ ara igi, okùn ni wọ́n ń ta láti igi kan sí èkejì, kó ga ju orí èèyàn lọ, kí wọ́n tó so ẹranko mọ́ ọn. Koríko gbígbẹ tí ìjọba ti yẹ̀ wò pé kò ní irúgbìn èpò nínú nìkan ni wọ́n lè gbé wọlé. Gbogbo ìgbẹ́ ẹṣin ni wọn yóò kó lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹnikẹ́ni lè lò mọ. Idella ń dáhùn "ó dáa, ó dáa", ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀.

Ó kù kó gun ẹranko. Ẹni kan ṣoṣo tó lè kọ́ ọ ni Bernice, ẹ̀gbọ́n Lyle obìnrin, tó ń sin ẹṣin lódìkejì odò. Bernice tín-ínrín bí ẹgba, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń ta bí ẹgba. Láti ìgbà tí Lyle ti gbé Idella níyàwó, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rí ti ìyàwó náà rò. Idella bá a ní ibùso ẹṣin, níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ ha pátákò.

"Ẹ kọ́ mi ní ẹṣin gígùn," ni Idella wí.

Bernice ò gbójú sókè. "Ìwọ? Ìwọ tó ń sá fún ọmọ ẹṣin?"

"Èmi náà ni."

"Àbúrò mi ti kú, Idella. Òkè ló gbé e mì. Fi egungun ẹ̀ sílẹ̀ fún òkè."

"Ẹ̀yin gbà pé ó kú. Ará ìlú ò gbà. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ìyàwó tí ọkọ já jù sílẹ̀ títí tí mo fi máa kú ni?"

Bernice ha pátákò náà tán, ó sọ ẹsẹ̀ ẹṣin kalẹ̀. Ó ní kí Idella wọ ṣòkòtò tó gbà á dáadáa wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun máa bá a lọ, nítorí òun ò ní agbára láti lọ wá èèyàn méjì lórí òkè kan náà.

Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n fi ṣe é. Ìbaaka ni Idella fẹ́ gùn, kì í ṣe ẹṣin. Deacon lorúkọ rẹ̀, ìbaaka Lyle tí àwọn ọdẹ rí yẹn ni. Nígbà tí wọ́n dá a padà láti orí òkè, àwọn èèyàn gbà á nímọ̀ràn pé kó tà á, ṣùgbọ́n kò tà á. Ó kọ́kọ́ ń ju koríko sí i láti òkèèrè. Nígbà tó yá, ó ń sún mọ́ ọn. Ní àárín ìgbà òtútù, mo kọjá níwájú ilé wọn láàárọ̀, mo rí i tó fi iwájú orí ti ọrùn ẹranko náà, tí èjìká rẹ̀ ń mì. N kò dúró.

Ó ṣubú, ó tún gùn ún, ó tún ṣubú. Bernice kì í fà á dìde.

"Ìjánu kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀," ni yóò wí. "Má dì í mú bí ẹni pé ó fẹ́ dà nù."

Lálẹ́, Idella á máa ta okùn láti ẹsẹ̀ tábìlì sí ẹsẹ̀ àga, á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń so kókó rẹ̀. Ó wá àpótí onírin tí béárì kò lè ṣí. Ó wá garawa, ó wá àáké, ó wá koríko tó mọ́ títí dé ìlú kejì. Á kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fà tẹ̀lé mọ́tò láti fi gbé ẹṣin, á tún kó wọn sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé bí òun bá tò ó dáadáa, yìnyín á yára yọ́. Yìnyín ò yára. Ìgbà ìrúwé dé, ọ̀nà òkè ṣì wà ní títì nítorí igi tó wó dí i. Ó pe ọ́fíìsì igbó débi pé ọmọbìnrin yẹn ò béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́. Á kàn ní, "Kò tíì là, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó rù. Bernice sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun pé bí ọ̀nà ò bá là lọ́dún yìí, Idella á fi ẹsẹ̀ rìn gòkè.

Ọ̀nà là níkẹyìn. Wọ́n gbéra ní ìdájí, ọkọ̀ ń fò lórí òkúta. Nígbà tí wọ́n dé Larch Fork, ààyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kún. Àwọn tó wá ṣeré ìsinmi ti ta okùn wọn, ẹṣin wọn ń jẹ koríko, wọ́n ń yan ẹran lórí iná. Idella sọ̀ kalẹ̀, ó wò yíká, ó sì jókòó sí àárín ọ̀nà. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sínú eruku, omi ń dà lójú rẹ̀. Bernice dúró tì í, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Rowena ti ìdí iná wá, ó béèrè ohun tó dé. Bernice sọ fún un. Obìnrin náà padà lọ bá ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n ń tú okùn ẹṣin wọn, wọ́n ń sún àgọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́, títí ààyè fi gba ọkọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan wà. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Idella ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Wọ́n ń gba gbogbo ọ̀nà tó wà nínú àwòrán ilẹ̀ ọ̀hún, wọ́n ń pe orúkọ Lyle bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé kò lè dáhùn. Ara Idella bó, kò lè jókòó dáadáa mọ́. Wọn kò rí nǹkan kan. Ohun kan ló kàn ń da iṣẹ́ wọn rú: ibì kan wà ní ọ̀nà apá òkè tí Deacon kì í fẹ́ kọjá. Bó bá ti débẹ̀, á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á na etí síwájú, á dúró. Bernice máa ń fi ẹgba lé e kọjá, ó ní òmùgọ̀ ẹranko ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì wọn ń lọ sópin, ó tún dúró. Bernice gbé ẹgba sókè.

"Ẹ má nà án," ni Idella wí. "Kí ló ń wò?"

"Kò wo nǹkan kan. Ìbaaka ni."

Idella sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ níhìn-ín da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, igi kéékèèké sì dí i pa, ojú kò lè tó ìdí rẹ̀ láti orí ọ̀nà. Ó jókòó, ó fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń di gbòǹgbò mú. Bernice ń pè é pé kó padà. Ó ń lọ.

Egungun ẹṣin ló kọ́kọ́ rí, gàárì ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rí Lyle. Ó fẹ̀yìn ti igi. Ó ti gé ẹ̀ka igi méjì, ó sì ti fi bẹ́líìtì dì wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́. Eérú wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe eérú iná kan ṣoṣo.

Nígbà tí Bernice fi rọra dé ọ̀dọ̀ wọn, Idella ti jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé aṣọ òtútù rẹ̀.

"Ó dáná," ni Idella wí. "Ó ń retí wa."

Bernice kúnlẹ̀. Ó dì mọ́ Idella lọ́rùn, ó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí Idella rò ó fún mi.

Bernice wa ọkọ̀ lọ pe àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì wá láti gbé e. Wọ́n fẹ́ fi hẹlikọ́pítà gbé e, Idella ò gbà. Deacon ló rù ú wá sí ibùdó, Idella ló fà á, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn níwájú. Rowena àti ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ẹlẹ́ṣin tó wà níbẹ̀ dìde dúró, wọ́n ṣí fìlà. Níbi ìsìnkú, àwọn ọkùnrin ìdí kọfí gbé oúnjẹ wá. Idella bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bernice kọ̀, kò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Idella ti padà sí ìdáná ilé ìwé. Ó ń sin Deacon, ṣùgbọ́n kò gun òkè mọ́. Eérú yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó bi ọ̀gá ọlọ́pàá pé ó tó ìgbà wo tí Lyle fi wà láàyè níbẹ̀, ọkùnrin náà sì sọ òtítọ́, pé òun ò mọ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ó sàn kó mọ̀ ju kó má mọ̀ lọ. Ó ní ó sàn. Ó ní ṣùgbọ́n kí n má bi òun mọ́.