Ọjọ́ Tí Bọ̀ọ̀dá Búra Pé Ìyá Òun Ti Kú

Ẹ forí jì mí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, láti ìgbà náà ọkọ́ ni mo ń dì mú ju gègé lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá ni màá ṣe kọ ọ́. Bí ibì kan bá wọ́, kí ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Ìyálé, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, bí Bọ̀ọ̀dá. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ìyá mi fi èrè gààrí ra ilẹ̀ kan sí ọ̀nà Òdogbolú kó tó kú. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà, ọmọ tó bí ló ni ín, ọmọ orogún kò ní ìpín níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá wa náà kú, àwa mẹ́ta la kù nínú ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi sì ń dáko ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ ìyá mi. Kò sí ohun mìíràn tí mo ní láyé.

Ọdún tí àwọn sójà ń na èèyàn kí wọ́n lè tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀ ni. Mo dé oko láàárọ̀, mo bá ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń fa ẹ̀gẹ́ mi tu, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Mo di ọ̀kan nínú wọn lápá mú. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá mi láyà, mo sì ṣubú sórí ebè. Ọkùnrin kan tó gbé wọn wá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bú ẹni tó gbá mi, ó wá kọjú sí mi.

"Ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀ yìí ló tà á fún mi. Ìwé ìbúra rẹ̀ nìyí. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, gbé e lọ sí kóòtù. Ọjọ́ méje ni mo fún ẹ kí n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀."

Mo gba ẹ̀dà ìwé náà. Tòun ti erùpẹ̀ lára ni mo fi lọ bá bàbá akọ̀wé tó máa ń tẹ̀wé níwájú kóòtù. Mo dúró tì í, mo na ìwé náà sí i.

"Ṣé ilé lo gbàgbé ẹnu sí ni?" ó bi mí. "Mú un wá."

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni ọkùnrin tó búra yìí sí ẹ?"

"Ọmọ bàbá mi ni, sà."

"Ó búra pé ìyá ẹ ló bí òun. Ó ní òun nìkan ni obìnrin náà bí láyé, kò bí obìnrin kankan. Ó ní ìyá tó bí òun ti kú."

"Ìyá rẹ̀ kò kú, sà. Ó ń yan ẹ̀pà nílé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó jí ìyá ẹ, ó sì fi ìwé pa tirẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Ìbúra èké, ẹ̀wọ̀n ló ń gbé èèyàn lọ. Bí o bá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á gbé e. Bí o kò bá fẹ́ ìyẹn, lọ́yà lè bá ẹ pẹjọ́ kí adájọ́ fagi lé ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìyẹn á pẹ́, ọjọ́ méje lo sì ní. Ìwọ náà wá búra, kí ẹni tó rí ìgbà tí wọ́n bí ẹ bá ẹ búra, ká fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ra ilẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró. Ta ló gbẹ̀bí ẹ?"

Mo wo ilẹ̀. "Ìyá Àgbà ni, sà. Ìyá Bọ̀ọ̀dá."

"Háà!" ó wí. Ó wá fi pẹ́ńsùlù kọ ìtumọ̀ ìwé náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ lédè Yorùbá, kí n má baà gbàgbé.

Mo délé lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn, Bọ̀ọ̀dá ń jẹ ẹ̀bà. N kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo dúró láàárín àgbàlá, mo ń ka ẹ̀yìn ìwé náà bí ọmọ iléèwé. N kò tíì kà á tán tí Bọ̀ọ̀dá fi gbá abọ́ dànù. Ó fún mi lọ́rùn, ó gbá orí mi mọ́ ògiri, ó tún gbá a. Eyín mi kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

"Èmi lo fẹ́ rán lẹ́wọ̀n? Ajá! Màá pa ẹ́ sílé yìí!"

"Fi í sílẹ̀," Ìyá Àgbà wí. "Ta ni ìwé náà ní ó ti kú?"

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Ìwé lásán ni. Ọ̀rọ̀ kóòtù kò dé ilé."

"O gbé Bíbélì sókè, o ní mo ti kú?"

"Ìwé lásán ni mo ní, Màmá! Èmi náà kọ́ ló máa fi owó ilẹ̀ náà tọ́jú yín?"

Ìyá Àgbà fi aṣọ di agbada mú, ó da iyanrìn gbígbóná náà lé Bọ̀ọ̀dá lẹ́sẹ̀. Ó ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Ó fò wọlé, ó fa àdá yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ará ilé kejì tí wọ́n ti ń yọjú sá padà. Ìyá Àgbà wá dúró síwájú mi.

"Ṣá mi," ó wí. "Ṣebí òkú ni mí? Òkú kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣá mi!"

Bọ̀ọ̀dá gbé àdá sókè. Mo di ojú mi. Férémù ilẹ̀kùn ló ṣá, lẹ́ẹ̀mẹta, igi ń ta sí wa lára. Lẹ́yìn náà ó ju àdá náà sílẹ̀, ó tiro jáde, kò sì padà wálé lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò bàbá wa wá. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ó wí fún mi. "Ọmọ bàbá ẹ ni. Ilẹ̀ lásán!" Mo tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó lọ, Ìyá Àgbà bi mí léèrè bóyá wọ́n máa gbé ọmọ òun bí òun bá bá mi búra.

"Akọ̀wé ní bí n kò bá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ilẹ̀ nìkan ni a óò gbà padà, Ìyá."

Ó lóṣòó sílẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀pà nínú iyanrìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi omi iyọ̀ fọ ẹnu mi. Mo gbé omi gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, n kò pè é. Mo wé gèlè mi, mo jáde. N kò tíì dé orígun òpópó tí mo fi gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi. A dé iwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ó ń wò bóyá màá yà síbẹ̀. Mo kọjá, n kò yà. Ní kóòtù, akọ̀wé tẹ ìwé náà, a búra níwájú ọ̀gá wọn. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ orúkọ ìyá mi tẹ̀lé e, mo wá di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, mo sì bá a tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ìyá mi.