Ìwé Àṣẹ Ìyá Oníjígí

Ìyàwó mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníjígí. Iṣẹ́ yíyẹ ojú wò ló ń ṣe, káfíńtà lèmi. Èmi ni mo kan àga tí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ń jókòó lé, èmi náà ni mo ṣe férémù ìwé àṣẹ rẹ̀, tí mo sì fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Mo kàn án le dáadáa. Mo rò pé a ò ní yọ ọ́ mọ́ láyé ni.

Kí òfin tó dé, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àtẹ gbé lè máa ta jígí ojú. Wọ́n á fi ọ̀kan lé ọ lójú, wọ́n á ní, "Ṣé o rí mi?" Tí o bá ti rí imú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìyàwó mi kórìíra ìranù yẹn ju bí mo ṣe kórìíra igi tí ikán ti jẹ lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pààrà ọ́fíìsì ìjọba títí òfin fi jáde: ẹni tí kò bá kẹ́kọ̀ọ́, tí kò yege, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn, kò gbọdọ̀ yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò. Òun gan-an ló tún ní kí wọ́n fi nǹkan kan kún un: bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá fẹ́ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ojú tirẹ̀ wò. Mo bi í nígbà náà pé ṣé kì í ṣe pé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú òun á ṣì mú kedere nígbà tí eyín mi bá ti ká tán.

Eyín mi ṣì pé.

Mi ò mọ ìgbà tí kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀. Wẹ́rẹ́ ló dé. Láàárọ̀, á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á bà lé e lójú, á ní ayé ti ń rọ̀. Ó ní àwọn igi ìsàlẹ̀ títì kò ní etí tó yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, pé ewé wọn ti di èéfín, pé àwọn ènìyàn ń rìn wọ inú ara wọn, wọ́n sì ń jáde láìfarapa. "Bàbá wọn, ó dùn ún wò," á wí. Mo máa ń jókòó tì í, a ó jọ máa wo ayé rẹ̀ tó rọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ń rí etí igi kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé, kì í kọlu nǹkan kan, torí ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Bí mo bá ṣèèṣì sún àga, mo máa ń sáré dá a padà. Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ. Iṣẹ́ yẹn ni ìyàwó mi. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ẹni tó máa ṣẹ́ kù tí n ó máa bá jẹun alẹ́.

Àsìkò àtisọ ìwé àṣẹ dọ̀tun pé. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀, ni ìgbìmọ̀ ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. A jọ lọ. Yàrá náà tutù, aṣọ dúdú bo fèrèsé, àwọn gíláàsì róbótó róbótó sì ń dán nínú àpótí wọn. Wọ́n fi mí sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìyàwó mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Òfin ni," ọmọ náà wí.

"Òfin tèmi ni. Ṣe é bó ṣe yẹ."

Ọmọ náà fi páálí bo ojú òsì ìyàwó mi, ó jókòó kọjú sí i, ó kẹ̀yìn sí pátákó ìyẹjú tó wà lára ògiri, ó ní kó máa kà á láti òkè. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀. Ó ka lẹ́tà ńlá òkè, ó ka ìlà kejì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, títí dé ìlà tó kéré jù. Kò ṣi ọ̀kan. Ọmọ náà ń mi orí sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí òun náà mọ pátákó yẹn sórí. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló ti mọ̀ ọ́n. Kò bojú wẹ̀yìn. Ta ló ń wo ohun tó ti mọ̀?

Èmi wò ó. Káfíńtà kì í jókòó síwájú pátákó kó má wò ó. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Àwòrán ilé ló wà lókè, ife wà lábẹ́ rẹ̀, àti bàtà, àti ẹyẹ, tí wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Pátákó àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé ni. Ọmọ kékeré kan ló jáde bí a ṣe ń wọlé, wọn ò sì rántí pààrọ̀ pátákó náà.

Ọmọbìnrin náà ti mú bírò láti kọ èsì sílẹ̀. Ó wù mí kí n dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ìyàwó mi á bá mi padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí awakọ̀ kan tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, pé ojú ń dun òun. Mo rántí bí ìyàwó mi ṣe tẹ̀ síwájú, tó tún tẹ̀ síwájú sí i, tó wá ní kò sí nǹkan kan. Ojú tó bá farabalẹ̀ ló ń rí imú. Èmi ni mo farabalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì dùn mọ́ mi.

"Ẹyẹ ni mo rí níbẹ̀," mo wí.

Ọmọ náà yíjú wo pátákó, bírò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹyẹ wo?" ìyàwó mi bi mí.

"Ẹyẹ kékeré kan ni. Ilé wà lókè. Ife náà wà níbẹ̀."

Ó dìde, ó ń lọ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Mo rí lẹ́tà," ó wí pẹ̀lẹ́. "Bàbá wọn, mi ò parọ́. Mo rí wọn, wọ́n dúdú kedere." Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ dòní.

Ọmọ náà ń sunkún, ìyàwó mi ló ń tù ú nínú. "Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ṣebí mo kọ́ ẹ pé kó o máa wo pátákó?"

"Ẹ kọ́ mi, Màmá."

Ọmọ náà ní iṣẹ́ abẹ lè tú kùrukùru ojú ìyàwó mi ká. Ṣùgbọ́n títí ojú á fi là, kò gbọdọ̀ yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò mọ́.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi yọ ọ́ lára ògiri." Kò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo mú ẹ̀mú, mo dúró níwájú ìwé àṣẹ náà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti kún inú yàrá, ògiri pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ mi kọ̀ kò gbéra. Ó dúró tì mí, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan férémù náà, ó kọjú sí i gan-an.

"Ṣé ẹ ti yọ ọ́?" ó bi mí.

"Ó ku díẹ̀," mo wí, mo sì fi ẹ̀mú mú ìṣó àkọ́kọ́.